Wọ́n Kọ Kíkúnlẹ̀, Wọn Ò Kọ Dídìde

Ilé Mìsítúrà,
Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Làtíìfù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ó yẹ kí n kọ ọ́ síbí pé mo wà ní àlàáfíà, àti pé mo gbàgbọ́ pé ìwọ náà wà bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa láti máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ní ìlú tí mo wà yìí mo ti kọ́gbọ́n, n kì í ṣàdédé sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ara mi le. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o bá sọ fún wọn láàárọ̀ pé ara ń bẹ, a dúpẹ́, wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ pé ṣebí ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́. Nítorí náà, orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ọ̀fun ń yún mi, òtútù sì ń bá etí mi jà. Ìyókù, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Ìbàdàn, kí ó má jẹ́ kí ẹ pàdé ẹni tí yóò bi yín pé báwo ni nǹkan, tí yóò sì mú bíírò lọ́wọ́. Àmín.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò fi pè ọ́. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ wà, ó dára, ojú rẹ sì máa ń hàn nínú rẹ̀ kedere, àmọ́ nígbàkigbà tí èmi àti ìwọ bá ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, bàbá arúgbó kan wà tó máa ń yọjú ní igun ìsàlẹ̀, tó ń tẹ́tí sí wa. Mo ti bojú wò ó títí kó lè lọ, òun náà bojú wò mí. Ọ̀rọ̀ ti òní kì í ṣe èyí tó yẹ kí bàbá yẹn gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé.

Peckham dára. Ata rodo wà ní Rye Lane, iṣu wà, ẹja gbígbẹ wà, wọ́n sì ń bú ara wọn lórí ẹ̀ bíi ti ilé. Mọ́sálááṣí ò jìnnà. Mo ń kí àwọn èèyàn lójú ọ̀nà, àwọn àgbà ń dáhùn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wọn ò gbọ́ràn, etí ló ń dùn wọ́n. Gbogbo wọn ló fi nǹkan funfun dí i, àwọn mìíràn á máa mi orí nítorí ìrora. Àánú wọn ṣe mí. Mo bá ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀ pé kí ó fi òróró lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i kó tó sùn, ó yọ ọ̀kan, ó wò mí, ó sì tún dá a padà. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.

Nǹkan tí mo fẹ́ràn jù lọ níbí ni bọ́ọ̀sì wọn. Làtíìfù, bọ́ọ̀sì wọn ní ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tí mo dúró ní Rye Lane pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ, tó fi ọ̀pá méjèèjì rẹ̀ dúró, bọ́ọ̀sì pupa ńlá yìí dé iwájú wa, ó mí kanlẹ̀, hàà, ó sì rọra kúnlẹ̀ fún wa létí títì. N ò rí irú ẹ̀ rí. Gbogbo ara ńlá yẹn! Mo ní o ṣeun, dìde, wàá dàgbà, wàá bí ọmọ tó máa kúnlẹ̀ fún ọ. Awakọ̀ ń wò mí. Nígbà tí a wọlé tán ó dìde, a sì lọ. Rántí bọ́ọ̀sì yìí o, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ọ̀rọ̀ tó gbé bíírò lé mi lọ́wọ́ gan-an ni ti Mìsítúrà ẹ̀gbọ́n rẹ. O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ SS ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ohun tí ìwọ àti èmi ò mọ̀ ni ibi tó ti bá a dé. Egungun ìbàdí rẹ̀ méjèèjì ti jẹ. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn nínú ilé, bí ìrora bá sì dé, yóò dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹran iléyá. Ìjọba ń fún un lówó ìrànwọ́ tẹ́lẹ̀, òun ló fi ń wọ takisí lọ ọsibítù, òun ló sì fi ń sanwó fún obìnrin kan tó ń wá láàárọ̀ láti bá a wẹ̀, kó wọṣọ fún un. Wọ́n wá ní kó wá kí àwọn tún un wò. Wọ́n tún un wò, wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá, wọ́n dá owó dúró. Obìnrin àárọ̀ ò wá mọ́. Mìsítúrà ní òun ò gbà, ó gbé wọn lọ sí kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyẹn, ìgbà yẹn gan-an ni mo sì dé láti ilé.

Ìdánwò ni wọ́n fi ń ṣe é. Máàkì ni wọ́n ń fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ìdánwò tiwọn dojú délẹ̀, ẹni tí kò lè wẹ̀ ló ń gba máàkì, ẹni tí kò lè se oúnjẹ, ẹni tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bí o bá ti lè ṣe é, o fìdí rẹmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò gba ipò kejì rí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fún ní òdo! Mo bínú. Mo bi í pé ta ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣé kò lè yọjú wo tirẹ̀ ni.

Ọjọ́ kóòtù pé, mo wọ agbádá funfun, mo tẹ̀ lé e. Yàrá yẹn ò jọ kóòtù Ìwó rárá, kò sí wíìgì, kò sí ẹni tó ń pariwo pé kí gbogbo ayé dìde, tábìlì ṣáá, omi nínú jọ́ọ̀gì, àti àwọn àgbà mẹ́ta, adájọ́ obìnrin, dókítà kan, àti ẹnì kẹta tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé, ó sì kí wọn ní ìdúró, bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Mo wúkọ́. Ìwọ náà mọ ikọ́ yẹn, ó ti bá ọ wí rí níwájú àwọn àna rẹ. Ó wò mí. Mo wò ó. Ó gbé ọ̀pá kan ti ògiri, ó di tábìlì mú, ó sì kúnlẹ̀ fún wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò dìde. Adájọ́ ń ní kò pọn dandan, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́. Inú mi dùn, mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n rí ilé tí ọmọ ti jáde.

Àmọ́ dídìde ò ṣeé ṣe. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ ọ̀tún, obìnrin tó pè wá wọlé di apá òsì mú, a gbé e. Ọ̀pá kejì ti yí lọ sábẹ́ tábìlì, dókítà wọn ló bẹ̀rẹ̀ tó bá a mú un. Òógùn bò ó lójú. Ibẹ̀ ni adájọ́ ti wá bi í pé báwo ni ara. Ó ní dáadáa ni, ẹ ṣeun. Kí lo fẹ́ kó sọ? Ta ni wọ́n ń kí láàárọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn fún àlejò? Nígbà tí a délé, ó wọ orí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ̀ kalẹ̀ títí Jímọ̀ kejì fi kọjá.

Wọ́n ní kò jàre. A ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ wá fún wa, wọ́n sì kọ ọ́, ó gùn bí ìwé àpèjẹ ọba. Mìsítúrà kà á fún mi. Wọ́n ní àwọn fi ojú ara àwọn rí i pé ó kúnlẹ̀, pé ó dìde, pé ó jókòó, ó sì sọ fún àwọn pé dáadáa lòun wà. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó dìde? Ta ló dìde? Mo gba ìwé náà, mo yí i síwá sẹ́yìn, mo gbé e sí ojú iná bóyá orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí mi níbẹ̀. Kò sí obìnrin apá òsì. Dókítà tó bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀pá fúnra rẹ̀, kò sí òun náà. Àfi bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé ọmọ mi dìde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbà fún Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló kọ ìwé yìí. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, Làtíìfù. Ó ní kí n tó dé, òun ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ ìrora rẹ̀ fún àlejò láìtijú, ó pẹ́ kóun tó mọ̀ ọ́n, ikọ́ ẹyọ kan ni mo sì wú tí gbogbo rẹ̀ fi dànù. Mo lọ dúró sójú fèrèsé. Mo wo ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀sì kan dúró, ó ń kúnlẹ̀ fún ọkùnrin kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ, ọkùnrin náà wọlé tán, bọ́ọ̀sì dìde lọ́fẹ̀ẹ́, ó lọ. Mo wò ó títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Mo wá yíjú padà, mo ní Mìsítúrà, wọ aṣọ òtútù rẹ, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni a ń lọ. Nítorí èmi yóò padà sílé lọ́jọ́ kan, tí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbé e dìde?

Mo kọ́kọ́ pe kóòtù fúnra mi nígbà tó ń sùn. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo pè, ó ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí n dúró, ó sì ní kí àwọn onílù wọn ṣeré fún mi. Wọ́n ṣeré! Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni mo bá wá o. Wọn ò dá eré dúró. Obìnrin yẹn á tún yọjú, á dúpẹ́ fún sùúrù mi, á tún padà sẹ́yìn. Mo ṣàdúrà fún wọn, mo ní bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn n ó lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí, ibẹ̀ ni fóònù kú sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ló mọ sùúrù mi?

Wọ́n júwe ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tòún fún wa ní Deptford, tó máa ń bá àwọn èèyàn kọ̀wé sí kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́. Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí rí ló ń jókòó sí. Mo wọlé ní orúkọ Ọlọ́run, tíì wọn sì dára. Tòún ń pè mí ní Daddy. Bá mi sọ fún ìyá rẹ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún un, pé gbogbo àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, pé n ò mọ ìyá ọmọ náà rí láyé mi.

Tòún ní èèyàn ò lè lọ sí kóòtù òkè nítorí pé ẹjọ́ dùn ún, àfi kó fi ibi tí adájọ́ ti ṣi òfin lò hàn. Mo ní kí a kúkú fi ẹjọ́ adájọ́ sun ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ kóòtù àkọ́kọ́ yẹn kan náà ni a ó ti kọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo ní kí ni? Ẹni tó gbá mi létí ni n ó bẹ̀ kó jẹ́ kí n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Daddy, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ lẹ́yìn tí ìdí tí wọ́n kọ dé ọwọ́ wa, ká yára.

Ó ka ìwé náà, ó wá bi Mìsítúrà pé nínú yàrá yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni bi í nípa kíkúnlẹ̀ yẹn, bóyá ó dùn ún, bóyá ó lè tún un ṣe, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ bá a? Mìsítúrà ní kò sí. Tòún fi ọwọ́ lu tábìlì, tíì mi dànù. Ó ní ibẹ̀ nìyẹn. Ó ní òfin wọn sọ pé ohun tí èèyàn fi ìrora ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí kò lè tún ṣe, tí ẹlòmíràn sì bá a gbé, wọn ò gbọdọ̀ kà á kún ohun tó lè ṣe. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ohun tí wọ́n fojú rí dá a lẹ́jọ́, ó yẹ kí wọ́n bi í lójú ẹ̀ kó sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ní kí èmi náà kọ ohun tí mo rí, òun á bá mi yí i sí òyìnbó. Mo kọ ọ́ báyìí pé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ikọ́ tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá rí àgbà yóò kúnlẹ̀, ara yá, ara ò yá. Ẹ̀kọ́ ilé lẹ rí, ẹ pè é ní ìlera. Apá ọ̀tún, èmi. Apá òsì, obìnrin tó pè wá wọlé. Ọ̀pá, dókítà yín. Èèyàn mẹ́ta ló bá a dìde, ẹ̀yin mẹ́ta sì ń wò ó, kí ló dé tí kò sí ẹni tó kọ ọ́? Bọ́ọ̀sì yín ń kúnlẹ̀ ní Rye Lane, mo ti rí i, ó sì ń dìde, nítorí ẹ ti fi ẹ̀rọ sí i nínú. Ní ti ọmọ mi, èmi ni ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀.

Tòún ní ó dára, ṣùgbọ́n kí a yọ bọ́ọ̀sì kúrò, àwọn adájọ́ ò fẹ́ irú ẹ̀. Ó fa ìlà sí i. Nígbà tó lọ tún tíì mi pọn, mo dá bọ́ọ̀sì padà.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni èsì dé. Adájọ́ mìíràn ló yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní lóòótọ́ ni àwọn ti àkọ́kọ́ ṣi òfin lò, ó pa ìdájọ́ wọn rẹ́, ó ní kí àwọn mẹ́ta mìíràn tún ẹjọ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kà á lójú mi, ó tún un kà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bi í pé ṣé wọ́n dárúkọ bọ́ọ̀sì. Ó ní rárá. Mo ní bọ́ọ̀sì náà ni, ojú ló ń tì wọ́n. Tòún kìlọ̀ fún wa pé a ò tíì borí o, pé àwọn tuntun náà lè fún un ní òdo. Mo ní kí wọ́n wá. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bu omi sínú jọ́ọ̀gì, a ń bọ̀.

A ti ń kọ́ ìdáhùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo máa ń jókòó sí ìdí tábìlì oúnjẹ, èmi ni adájọ́, n ó bi í pé Mìsítúrà, báwo ni ara? Ó ní dáadáa ni, ẹ ṣeun. Mo fi ṣíbí lu àwo, mo ní òdo! Mo tún bi í. Ó ní a dúpẹ́. Òdo! A rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi kan ògiri. Ọjọ́ kan wá tí mo bi í, tí kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́. Ó sọ ibi tí ó ti ń bu òun jẹ, bí ó ṣe ń rí tí òun bá ń na ọwọ́ sí ìbọ̀sẹ̀, ohun tí òun máa ń ki bọ ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ igbe. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Láti ọdún wo ni mo ti ń bi ọmọ yìí lórí fóònù pé báwo ni ara, tó ń ní a dúpẹ́ Bàbá, tí mo sì ń gbà á, tí mo ń lọ sùn? Lọ́jọ́ yẹn mo fún un ní gbogbo máàkì tó wà lọ́wọ́ mi.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ mi ṣáájú ọjọ́ kóòtù tuntun, físà mi sì ṣì kù díẹ̀, nítorí náà n ò bọ̀ wálé báyìí. Kí ìyá rẹ má ṣe dúró dè mí, kó fún àwọn ewúrẹ́ lóúnjẹ, kó má sì ta èyí tó ní àmì funfun lórí. Mo mọ̀ pé ará Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó máa fi owó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ayé ló yí. Fi owó ránṣẹ́ kí n fi yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà, kó o sì fi díẹ̀ lé e fún takisí ọjọ́ kóòtù. Ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Mo ti rí i pé fóònù yìí máa ń kú láìròtẹ́lẹ̀, n ò fẹ́ kó kú mọ́ owó wa nínú.

Mo fẹ́ sọ ti àárọ̀ yìí fún ọ kí n tó gbé bíírò sílẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ, ó ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe rí mi ló na ọwọ́ sí ọ̀pá, tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní jókòó. Ó ní Bàbá, ẹ ẹ̀ ní wúkọ́? Mo ní ikọ́ ti tán. Mo mí kanlẹ̀, hàà, bíi ti Rye Lane, mo sì rọra bẹ̀rẹ̀ wá sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì títí orí mi fi dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀, mo ní ó yá, kí mi níbí. Ó kí mi, ó kí mi dáadáa. Ìgbà tí mo wá fẹ́ dìde, orúnkún ọ̀tún ní òun ò lọ. Èmi àti òun wojú ara wa. Ó na ọ̀pá rẹ̀ kan sí mi, mo dì í mú, ó fà mí, mo dìde.

Bó bá wù wọ́n, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o kúnlẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbé ọ dìde. Ọmọ rẹ ò ní pa ìrora rẹ̀ mọ́ fún ọ. Wàá fi owó náà ránṣẹ́ kíákíá. Àmín, àmín, àmín.

Èmi ni bàbá yín,
Nasir, tó di apá ọ̀tún mú.